Iná Ẹ̀yìn Mọ́tò Tó Ti Ṣú: Bí A Ṣe Ń Dá A Padà Láì Bà Á Jẹ́

Mọ́tò tó bá ti pẹ́ ní Ìlọrin, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣàìṣú. Ọyẹ́ á da eruku bò ó, oòrùn á pa á, eruku pupa ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọ̀fà á gba ibi tí rọ́bà ti gbó wọnú rẹ̀. Bó bá yá, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lálẹ́ kò ní mọ̀ pé ẹ ti tẹ búréèkì àfi tó bá ti kù díẹ̀ kó gbá yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ kúkú ra òmíràn. Bí iná náà kò bá ti fọ́, kò tíì kan ríra.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìdọ̀tí wà. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ojú iná, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ọwọ́ pa á. Bó bá ń ha ọwọ́, ti ìta ni. Bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ tó sì ṣú síbẹ̀, tàbí tí ẹ rí eruku àti ipa omi lẹ́yìn ike, ti inú ni. Ẹ lè ha ìta títí di ọ̀la, ti inú kò ní gbọ́. Ti inú ni mo sì ń rí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta ni gbogbo èèyàn máa ń dojú kọ.

Ẹ tú u kúrò lára mọ́tò. Ẹ ṣí búùtù, ẹ fa kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn, ẹ ó rí nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Sípánà 10 ló ń tú ti ọ̀pọ̀ Toyota. Ẹ fi fóònù ya bí wáyà ṣe wà kí ẹ tó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì gílóòbù. Àwọn kan máa ń fi péépà téèpù yí iná ká lára mọ́tò, wọ́n á sì ṣe é níbẹ̀. Ojú ayé lásán ni wọ́n ń ṣe.

Láti fọ inú, ẹ gba ihò gílóòbù da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀. Kì í ṣe omi tó ń hó o, ike yìí máa ń rọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ mì ín jìgìjìgì, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Kànìnkànìn kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ohun tó ń dán nínú iná yẹn, tó ń ta ìmọ́lẹ̀ síta, alumíníọ́mù tó fẹ́lẹ́ gan-an ni; bí ẹ bá fi nǹkan líle kàn án, á ṣí, iná náà kò sì ní tàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ìdọ̀tí bá takú sẹ́yìn ike, ẹ so síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbó mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ike nìkan ni kí ẹ sì fi nù. Omi kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù máa ń fi ojú funfun sílẹ̀ tó bá gbẹ, nítorí náà omi òjò ni kí ẹ fi ṣàn án kẹ́yìn. Tí kò bá sí òjò, omi bátìrì tí àwọn rẹ́wáyà ń tà dára, ṣùgbọ́n kí ẹ bèèrè dáadáa pé omi ni wọ́n tà fún yín, kì í ṣe ásíìdì. Ẹ dorí ihò rẹ̀ kodò sí ibòji di ọjọ́ kejì.

Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù nù ún. Ẹ má ṣe fi tínà nù ún. Mo mọ̀ pé ó máa ń dán lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń tan àwọn èèyàn nìyẹn. Akrílíìkì ni ike iná ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́, tínà sì máa ń mú kó sán wẹ́wẹ́ káàkiri. Ìlà tó bá ti wọnú ike báyẹn, kò sí ohun tó ń yọ ọ́. Iná tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀, tókúnbọ̀ ló kàn.

Híha ìta ló kù, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Wọ́tà péépà tí àwọn pẹ́ńtà mọ́tò ń lò ni kí ẹ rà, kì í ṣe sáńpéépà káfíńtà. Ẹ ra nọ́ńbà 1000, 1500 àti 2000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni péépà ń kúnná. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ẹnì kan á lọ tọrọ àjẹkù 400 lọ́wọ́ pẹ́ńtà, èyí tí wọ́n fi ń ha bọ́dì, á fi ha iná títí tí á fi funfun, á wá gbójú lé kọ́ńpáùndì, ìpara tí àwọn pẹ́ńtà fi ń mú kí ojú pẹ́ńtì dán, pé yóò tún un ṣe. Kò lè tún un ṣe. Nọ́ńbà 1000 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí iná náà burú tó. Àyàfi ibi tí nǹkan ti fa ìlà tí èékánná yín há sí ni 800 lè kàn, ojú ibẹ̀ nìkan náà sì ni.

Ẹ rẹ péépà sínú omi tí ẹ kán ọṣẹ sí, kó rọ̀. Ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ lásán, ìka máa ń gbẹ́ kòtò. Wọ́n ń ta rọ́bà tí a ń we péépà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ gé ìdá kan lára sílípáàsì tó ti já. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń tà lọ, ó máa ń tẹ̀ bí ojú iná bá ṣe tẹ̀.

Ẹ fa 1000 láti ọ̀tún sí òsì, 1500 láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí ẹ tún fa 2000 láti ọ̀tún sí òsì. Bí ẹ bá ń yí i báyìí, ẹ ó máa rí i bóyá ìlà péépà ìṣáájú ti tán. Bí ti 1000 bá ṣì ń yọjú lábẹ́ ti 1500, ẹ má gbé 2000, torí kò ní lè pa á rẹ́. Kí ẹ tó gba péépà tó kàn, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ fọ iná, ẹ fọ ọwọ́ àti sílípáàsì. Yanrìn 1000 ẹyọ kan tó bá kù sábẹ́ 2000, ìlà gígùn ló máa fà.

Omi sì máa ń tan èèyàn. Iná tó bá ṣì tutù máa ń dán bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí, bó bá gbẹ ni ẹ ó rí òótọ́. Ẹ nù ún gbẹ lẹ́yìn péépà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn 1000, gbogbo ojú rẹ̀ ló yẹ kó ṣú bákan náà; ibi tó bá ń dán, péépà kò tíì débẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn kí wọ́n so péépà mọ́ dírílì. Ẹ má gbà fún wọn. Akrílíìkì tó bá gbóná máa ń yọ́ ni, á sì lẹ̀ mọ́ péépà.

Tí 2000 bá ti kọjá, ó kù kí ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì mímọ́ àti kọ́ńpáùndì pa á roboto roboto títí á fi dán. Ọṣẹ ìfọyín funfun lè dípò kọ́ńpáùndì, apá yín ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fi wáàsì lé e, kí ẹ sì máa tún un fi lóṣooṣù méjì. Àwọn pẹ́ńtà á ní kí ẹ jẹ́ káwọn fi kilíà (pẹ́ńtì tí kò ní àwọ̀) àti hádínà tó ń mú un le sí i. Iná iwájú ni ìyẹn wà fún, torí pé ike tiwọn yàtọ̀, ó máa ń pọ́n bí a bá ha á tí a kò fi nǹkan bò ó. Akrílíìkì ń fara da oòrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáàsì tó o.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ha ìpẹtà inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó, ẹ fi silíkóònù tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, ṣùgbọ́n ẹ má dí ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ iná, òun ni atẹ́gùn ń gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn bí ẹ ti ń tẹ búréèkì, kó wo tírafíkétọ̀ àti ríváàsì náà. Bí silíkóònù bá ti gbẹ, ẹ da korobá omi kan lé e lórí, kí ẹ wo inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí omi bá kán síbẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ tún rọ́bà náà dì.