Máàkì fíìmù àti ẹ̀tanú òṣèlú: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Bí fíìmù kan bá ti kan òṣèlú, ìjà máàkì kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí IMDb àti Rotten Tomatoes, àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń fún fíìmù ní máàkì. Àwọn kan á ní àwọn ọ̀tá ló kóra jọ láti ba fíìmù náà jẹ́, àwọn mìíràn á ní fíìmù ọ̀hún gan-an ni kò dára. Ìhà méjèèjì sábà máa ń di nọ́ńbà kan ṣoṣo mú, nọ́ńbà yẹn kò sì lè dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀tanú òṣèlú ń wọ inú máàkì lóòótọ́, ìgbà mìíràn sì wà tó ṣeé fi hàn. Àmọ́ inú àkókò tí ìbò wọlé, bí ìbò ṣe pín, àti irú ẹni tí ìkànnì gbà láyè láti dìbò la ti ń rí i. Àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí i nìyí.

Ẹ má fi ìpíndọ́gba nìkan dájọ́

Fíìmù The Promise dá lórí bí ìjọba Ottoman ṣe pa àwọn ará Àméníà nípakúpa láti 1915. Títí dòní, ìjọba Turkey kò gbà pé ìpẹ̀yàrun ni. Oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han ará ìlú ní àjọ̀dún fíìmù Toronto, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, ìbò rẹ̀ lórí IMDb, níbi tí máàkì ti ń lọ láti 1 dé 10, ti ju 86,000 lọ. Ènìyàn 55,126 fún un ní 1. Ènìyàn 30,639 fún un ní 10. Àwọn tó wà láàárín kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 55,126 lọ́nà 1, ká fi 30,639 lọ́nà 10 kún un, ó di 361,516. Ká pín in fún 85,765, ó di 4.2. Ẹni tó bá rí 4.2 á rò pé fíìmù tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ni, bóyá ó gùn jù, bóyá àwọn òṣèré kò ṣe é dáadáa. Bẹ́ẹ̀ rèé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó fún un ní 4. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Gbọ̀ngàn Roy Thomson, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn àfihàn ńlá ní Toronto, kò gbà ju nǹkan bí 2,600 ènìyàn lọ. Kódà ká ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó sì kún fọ́fọ́, àwọn tó wò ó kò lè pé 8,000. Níbo ni àwọn 78,000 yòókù ti rí i? Kò sí ẹjọ́ mìíràn nínú ọ̀rọ̀ máàkì tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó báyìí, torí pé àkókò ló ń jẹ́rìí níbẹ̀. A kò nílò láti máa méfò ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo àwọn 30,639 náà dáadáa. Àwọn tó ń gbèjà fíìmù yìí máa ń tọ́ka sí àwọn tó fún un ní 1, wọn kì í mẹ́nu kan 10. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó fún un ní 10 náà kò lè tíì wò ó. Ẹni tó bá yọ ìkan tí kò sì yọ ìkejì, ó ti fi ẹ̀tanú tirẹ̀ rọ́pò èyí tó ní òun ń wá.

Ẹ má ka gbogbo 1 àti 10 sí òṣèlú

Ẹni tó bá ti kọ́ láti máa wo bí ìbò ṣe pín tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdìtẹ̀ níbi gbogbo. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí fíìmù dùn mọ́ gan-an àti ẹni tí ó bí nínú ló máa ń ráyè dìbò. Ẹni tí fíìmù náà kò ṣe bí ẹní ṣe nǹkan kan á pa tẹlifíṣọ̀n, á lọ sùn. Nítorí náà 10 máa ń pọ̀, 1 náà á sì yọrí, kódà nínú eré apanilẹ́rìn-ín tí kò da nǹkan kan pọ̀ mọ́ òṣèlú.

Lórí IMDb, ẹ tẹ nọ́ńbà máàkì náà, ojú ewé tó ń fi bí ìbò ṣe pín láti 1 dé 10 hàn á ṣí. Ẹ wá fíìmù mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jọ ọ́: irú eré kan náà, ọdún kan náà, iye ìbò tó sún mọ́ra. Ẹ kọ ìdá tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní 1 àti ìdá tó fún un ní 10 sílẹ̀. Bí ti fíìmù tí ẹ ń yẹ̀ wò bá yàtọ̀ gedegbe sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìgbà náà ni ọwọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ba nǹkan.

Máàkì tó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìkọlù. Àwọn olólùfẹ́ ló ń kọ́kọ́ sáré lọ wò ó.

98 lórí Rotten Tomatoes kì í ṣe 9.8 nínú 10

Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù. Nọ́ńbà tí Rotten Tomatoes ń gbé síwájú kì í ṣe ìpíndọ́gba. Ti àwọn lámèyítọ́ ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní fíìmù náà dára. Ti òǹwòran ń sọ ìdá mélòó ló fún un ní ìràwọ̀ 3.5 sókè nínú 5. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá fún fíìmù kan ní 3.5, ó gba 100. Ká ní àwọn márùn-ún fún òmíràn ní 5, tí àwọn márùn-ún tó kù fún un ní 3, 50 ló máa gbà, bẹ́ẹ̀ ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 4, tí ó ga ju ti èkíní lọ.

Fíìmù Reagan, tó dá lórí Ronald Reagan tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, tó sì jáde ní ìparí oṣù kẹjọ 2024, gba nǹkan bí 18 lọ́dọ̀ àwọn lámèyítọ́ àti nǹkan bí 98 lọ́dọ̀ òǹwòran. Ó rọrùn láti sọ pé àwọn lámèyítọ́ kórìíra ààrẹ ẹgbẹ́ Republican, tàbí pé àwọn kan kó ìbò irọ́ jọ. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí nọ́ńbà yẹn fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2019 ni ìkànnì náà ti ń ya ìbò àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀. Ta wá ni ó máa ná owó rẹ̀ láti wo fíìmù tó ń yin Reagan? Ẹni tó ti fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ jókòó sílé, kò sì dìbò. Lámèyítọ́ ní tirẹ̀ ń wo ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé kà á níwájú. Tíkẹ́ẹ̀tì ń lé ẹni tí kò wo fíìmù jáde, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹ̀tanú kúrò, nítorí òṣèlú ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sinimá kí ìbò kankan tó wọlé.

Bákan náà ni CinemaScore, tó ń bi àwọn òǹwòran léèrè ní alẹ́ ọjọ́ tí fíìmù bá jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí ó sì ń fún fíìmù ní A+ títí dé F. Kò sí bí ẹni tó jókòó sílé ṣe lè dìbò níbẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ lálẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn.

Ẹ má sì fi máàkì òǹwòran Rotten Tomatoes tó ṣáájú 2019 wé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà, ìkànnì yìí tún mú ìdá àwọn tó ń fẹ́ wo fíìmù tí kò tíì jáde kúrò, ó sì dá ọ̀rọ̀ kíkọ ṣáájú ìjáde dúró.

Ẹ bèèrè pé ìdajì kí ni

Nígbà tí ìjà The Last Jedi, fíìmù Star Wars kan, gbóná, olùṣèwádìí Morten Bay gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2018, ìròyìn sì gbalẹ̀ kan pé bọ́ọ̀tì (àkáǹtì tí ẹ̀rọ ń darí) àti àwọn ará Rọ́ṣíà ló wà nídìí ìdajì ìkórìíra tí wọ́n kọ lu fíìmù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wo ọ̀rọ̀ 967 tí àwọn ènìyàn kọ sí olùdarí fíìmù náà lórí Twitter. 206 nínú wọn ni kò dára. Nínú 206 yẹn, 11 jọ bọ́ọ̀tì, 33 jọ àkáǹtì ayédèrú àti ti adárúgúdù-sílẹ̀, 61 sì jọ ti àwọn tó ń jà fún òṣèlú. 105 ni gbogbo rẹ̀: ó ju ìdajì 206 lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún 967 lọ. Àkáǹtì tó dà bíi ti Rọ́ṣíà jẹ́ 16. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí olùdarí sì ni, kì í ṣe máàkì tí wọ́n fún fíìmù. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ yìí ṣàlàyé máàkì Rotten Tomatoes ti gbé e síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nọ́ńbà IMDb ti kọjá lọ́wọ́ ìṣirò kí ẹ tó rí i

Kì í ṣe ìpíndọ́gba lásán ni IMDb ń gbé jáde. Ó máa ń fún àwọn ìbò kan ní agbára ju òmíràn lọ, kò sì sọ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é fún aráyé. Nígbà tí fíìmù The Little Mermaid jáde ní 2023, IMDb fi àkíyèsí sí ojú ewé rẹ̀ pé ìbò rẹ̀ ń wọlé lọ́nà tí kò bá bó ṣe yẹ mu, àti pé wọ́n ti lo ìṣirò mìíràn. Ibi tí ẹ bá ti rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣírò ohunkóhun láti ara ìpíndọ́gba mọ́.

Níbi tí kò sí àkíyèsí, ọ̀nà kan wà. Fáìlì title.ratings.tsv.gz tí IMDb ń gbé jáde lójoojúmọ́ ní òpó mẹ́ta péré: àmì fíìmù, ìpíndọ́gba, iye ìbò. Kò ní ìtàn ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹ̀dà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fúnra yín, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọjọ́ Ajé, 7.0 láti ara ìbò 200, ọjọ́bọ̀, 5.8 láti ara ìbò 250. 5.8 lọ́nà 250 jẹ́ 1,450; 7.0 lọ́nà 200 jẹ́ 1,400. Àádọ́ta ìbò tuntun mú máàkì 50 wá láàárín wọn, ìyẹn ni pé nǹkan bí 1 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fún un. Àwọn fíìmù Yorùbá tí ìbò wọn kéré lórí IMDb ni irú èyí lè tètè ṣe ní jàǹbá: ẹgbẹ́ WhatsApp kan ṣoṣo ti tó.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún fíìmù tí ìbò rẹ̀ pọ̀. Ẹyọ kan péré ni IMDb ń kọ lẹ́yìn àmì pọ́ìntì, nítorí náà àṣìṣe tó tó 0.05 lè wà nínú ìpíndọ́gba. Lórí ìbò 20,000, ìyẹn jẹ́ máàkì 1,000. Bí ìbò tuntun bá jẹ́ 300, ìṣirò yìí kò lè sọ ohun kankan fún yín.

Ẹ má fi ìbò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú ẹni

Kí Ghostbusters, fíìmù tí obìnrin mẹ́rin ṣe aṣáájú nínú rẹ̀, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 15 oṣù keje 2016, ìbò tó ju 12,000 ti wà fún un lórí IMDb. Ìpíndọ́gba ti àwọn ọkùnrin jẹ́ 3.6, ti àwọn obìnrin 7.7. Ó ti jáde ní Britain ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí náà a kò lè ní kò sẹ́ni tó wò ó. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni ọkùnrin àti obìnrin. IMDb kì í béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ kan pàtó ló ṣe é ń méfò ni. Láti mọ èyí, ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹnì kan náà ní ìbéèrè méjì: ẹgbẹ́ wo ló ń dìbò fún, àti máàkì wo ló fún fíìmù náà lẹ́yìn tó wò ó.

Bí kò bá sí agbára fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ẹ lo àkójọ máàkì fíìmù MovieLens ti Yunifásítì Minnesota. Ìbò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, gbogbo olùdìbò inú àkójọ mílíọ̀nù 25 wọn ló sì ti fún ó kéré tán fíìmù 20 ní máàkì, nítorí náà ẹ lè fi ìbò ẹnì kan wé ìṣe rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0.5 dé 5. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí ẹ tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti IMDb. Àwọn tó ń lò ó wá ìmọ̀ràn lórí fíìmù tí wọ́n máa wò ni, torí náà bí máàkì fíìmù kan bá dára níbẹ̀, tí ó sì fọ́ yángá lórí IMDb láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àkókò tí ìbò wọlé.