Ìbò tó ń sọnù kí ọjọ́ ìdìbò tó dé: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Ògbómọ̀ṣọ́

Tí wọ́n bá ní wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìdìbò du ènìyàn, tọ́ọ̀gì tó gbé àpótí sá lọ ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Lójú tèmi, inú ìwé orúkọ olùdìbò ni ìbò púpọ̀ ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa ronú ìdìbò rárá.

Mo mú káàdì mi dé ibi tí mo ti máa ń dìbò lẹ́bàá Tákié. Wọ́n ní orúkọ mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ta ló yọ ọ́?

Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ńṣe ni wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Lọ́dún 2021, INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, fi kún ibùdó ìdìbò káàkiri Nàìjíríà, láti 119,974 dé 176,846, kí èrò má baà pọ̀ jù lójú kan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí àdúgbò tí í ṣe igbó tẹ́lẹ̀ ti di ìlú. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn kan bá ètò náà lọ síbi tí wọn kò mọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù sì ni INEC fi sọ fún wọn. Ẹni tó ti pààrọ̀ síìmù ńkọ́? Ìyá àgbà tó jẹ́ pé ọmọ ọmọ wọn ló ń bá wọn ka ohun tó wà lórí fóònù ńkọ́? Ọjọ́ ìdìbò ọdún 2023 gan-an ni àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kì í rìn.

Ẹ lọ sí ojú-ewé INEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ìpínlẹ̀, orúkọ àti àwọn nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórí káàdì wá ara yín. Ẹ da orúkọ ibùdó náà kọ, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ṣì pọ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìdìbò ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ẹ má dúró síbẹ̀ máa bá òṣìṣẹ́ jà. Ẹ wo ìwé orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn ibùdó tó wà nítòsí, torí lọ́pọ̀ ìgbà, inú ọgbà kan náà ni ti tuntun wà. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà nígbà tí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán lù ní ẹ̀tọ́ láti dìbò.

Iṣẹ́ gàrí ti jẹ ìka ìyá mi. BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, kò mọ̀ wọ́n.

Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ lo ojú. Bí ìka bá kọ̀, ojú ló kàn. Kí Màmá sún gèlè sẹ́yìn, kí wọ́n sì dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí wọn kò bá ríran, òfin gbà kí wọ́n fúnra wọn yan ẹni tí yóò bá wọn tẹ̀ka. Fúnra wọn ni mo wí o, kì í ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà.

Ọmọ yunifásítì LAUTECH ni mí. Àdúgbò Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti forúkọ sílẹ̀, Ṣakí sì nilé wa. Ibo ni kí n ti dìbò?

Ibi tí o máa sùn sí mọ́jú ọjọ́ ìdìbò. Lọ́dún 2023, NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ní kí gbogbo yunifásítì wà ní títì láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Ìdìbò ààrẹ bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lọ sílé fi ìbò rẹ̀ sílẹ̀ sí ilé-ìwé nìyẹn, NUC sì ní torí ààbò akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe tì í!

Tí o bá fẹ́ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, béèrè pé kí wọ́n gbé orúkọ rẹ lọ sí Ṣakí nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ. Wọn kì í gba owó. Má ṣe forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ẹ̀rọ sì máa ń fi ìka wé ìka: nínú ìforúkọsílẹ̀ ọdún 2021 sí 2022, orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 2.7 ni INEC yọ dànù, tí ìforúkọsílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀mejì sì wà lára ohun tó fà á. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà tètè kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ títi ilé-ìwé yìí. Àkókò tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Káàdì kò jáde.

Ìdajì iṣẹ́ lo ṣe. O gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ. Nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 10 tó bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìforúkọsílẹ̀ ọdún 2021 sí 2022, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.4 péré ló parí rẹ̀.

Ẹnì kan fẹ́ fowó gba káàdì mi pa mọ́.

Òfin ìdìbò mú ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á.

Gbogbo àdúgbò wa ni wọ́n gbé lọ síbi tó jìnnà. Àwọn àgbà kò lè rìn ín. Ta la máa bá wí?

Ọ̀gá INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Kọmíṣánnà INEC ìpínlẹ̀ n'Íbàdàn. Lẹ́tà tó kàn ń sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ wá kì í rìn jìnnà. Ẹ kọ nọ́ńbà ibùdó àtijọ́ àti ti tuntun, bí ọ̀nà ṣe jìn tó, iye àgbà tó wà níbẹ̀, àti ibi tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e sí: ilé-ìwé tàbí ìta gbangba, kì í ṣe ààfin ọba tàbí iwájú ilé olóṣèlú. Kí ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù, ìyálọ́jà, ìmáàmù àti pásítọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan bá yín kọ ọ́, torí ọjọ́ tí wọ́n bá ti rí àmì ẹgbẹ́ lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì padà lọ béèrè.

Nígbà tí INEC bá gbé ìwé orúkọ síta fún àyẹ̀wò, tí kì í ju ọjọ́ 7 sí 14 lọ, ẹ pín òpópónà láàárín ara yín. Ẹ wá orúkọ tó ṣáko, ẹ sì tọ́ka sí ti àwọn tó ti kú náà. Ẹni tó bá fẹ́ yọ òkú kúrò nínú ìwé, ó máa ń rọrùn láti gbà á gbọ́ nígbà tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún alààyè.

Igbe máa ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni INEC fẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo, SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, gbé INEC lọ sí kóòtù, wọ́n sì sún un dé ọjọ́ 31 oṣù keje.

Ìdìbò káńsù ni wọn kò ti jẹ́ kí n dìbò. INEC náà ni?

Rárá. OYSIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ń ṣe ti káńsù, bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìwé orúkọ INEC ni wọ́n ń lò, nítorí náà tó bá jẹ́ orúkọ ló ṣáko, INEC lẹ máa tọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kò dé, tàbí wọn kò mú ìwé ìdìbò wá, OYSIEC lẹ máa kọ̀wé sí.