Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ níbi iṣẹ́ yín, ṣé ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́wàá tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Gàrí là ń ṣe ní tiwa, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, àwa mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan télọ̀, ó kan oníbúrẹ́dì, ó kan mẹkáníìkì.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú ò fẹ́ ìkánjú, tẹ́ ẹ bá ti bó ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ wà nínú àpò fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó kan dáadáa kẹ́ ẹ tó jọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dín in, torí kíkan yẹn gan-an ni oníbàárà ń sanwó ẹ̀. Lọ́jọ́ kan oníbàárà wa kan láti Ṣàgámù dá àpò mẹ́rin padà, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan síwájú mi ó ní kí n tọ́ ọ wò. Kò kan rárá. Mo ní ta ló gbé e kúrò lábẹ́ jáàkì tá a fi ń fún omi ẹ̀ dànù, àwọn tó ń lọ̀ ẹ̀gẹ́ ní kí n bi àwọn tó ń fún un, àwọn tó ń fún un ní "wọ́n ní ká gbé e wá", kò sẹ́ni tó lè sọ pé èmi ni. Inú bí mi, mo jágbe mọ́ màmá tó wà nídìí agbada lójú oníbàárà, ẹni tó ti ń dín gàrí kí wọ́n tó bí mi! Màmá ò fèsì, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi gbàjá, wọ́n lọ sílé, ọjọ́ mẹ́ta wọn ò wá. Ìgbà tá a wádìí ẹ̀, èmi náà ni mo pe ọmọ kan lórí fóònù pé kó yọ àpò apá òsì, mi ò sì bi í pé ìgbà wo ni wọ́n lọ̀ ọ́.

Torí náà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti bú èèyàn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ ẹ́. Mo lọ kúnlẹ̀ nílé màmá, wọ́n dárí jì mí, síbẹ̀ mo tún kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó gbọ́ ariwo mi.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kan, orúkọ kan. A ra téèpù funfun àti máákà, ẹni tó bá de àpò á kọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ ẹ̀ sí i, ẹni tí ò bá mọ̀wé á so àkísà tiẹ̀ mọ́ ọn, pupa ni ti màmá. Ẹ wo regbéregbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, níbi ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bí èrò ṣe pọ̀ tó yẹn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ aṣọ tiẹ̀, ó mọ ìgbà tó máa jáde lọ kí Ọba.

Owó ìtanràn wà, àmọ́ àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán la jọ fi iye ẹ̀ sí i, ọ̀gá pàápàá tó bá pẹ́ dé á san, àpò ẹgbẹ́ lowó náà ń lọ, kì í ṣe àpò mi.

Tẹ́ ẹ bá kéré sí àwọn òṣìṣẹ́ yín, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kò ní kẹ́ ẹ má béèrè iṣẹ́. "Màmá, àpò yín tàná ṣì tutù, kí lẹ rí sí i?" Ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Àwọn ọmọdé náà ńkọ́, ẹ pè wọ́n lórúkọ, ẹ yéé pè wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí", kẹ́ ẹ sì sanwó wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá, torí ẹni tẹ́ ẹ bá jẹ lówó oṣù méjì, ẹnu wo lẹ fẹ́ fi bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́?

Ẹni tó bá ń ṣe àṣìṣe kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ kọ́kọ́ yí iṣẹ́ ẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó lé e. A ní ọmọ kan tí ò lè dúró ti jáàkì láìgbàgbé nǹkan, a gbé e lọ sídìí òṣùwọ̀n, òun ló ń wọn gàrí fún oníbàárà báyìí, òun ló sì ń kọ́kọ́ pè mí tí àpò kan ò bá pé.