Ọmọ Tó Ń Sọ̀rọ̀ Àmọ́ Tí Kì Í Bá Èèyàn Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò

"Ọ̀rọ̀ mélòó ló yẹ kó ti mọ̀?" Ìbéèrè tí àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá sọ́dọ̀ mi fún àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ sísọ sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Àmọ́ iye ọ̀rọ̀ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́ta tó lè ka 1 dé 100, tó mọ orúkọ gbogbo àwọ̀, àmọ́ tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kò lè béèrè omi. Ohun tí ọmọ ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ni mò ń wá. Ṣé ó fi ń tọrọ nǹkan? Ṣé ó fi ń kọ̀? Ṣé ó fi ń pe èèyàn wá wo ohun tó rí?

Kí ẹ tó mú ọmọ wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má sọ pé ó ń gbọ́ torí pé ó ń sáré wá tó bá ti gbọ́ orin. Ọmọ lè gbọ́ ìlù kó má gbọ́ ìró "s" àti "f", omi inú etí sì lè mú kó gbọ́ lónìí kó má gbọ́ dáadáa lọ́la. Mo kánjú lẹ́ẹ̀kan rí, n kò dúró gba èsì etí. Gbogbo ohun tí mo kọ nípa ọmọ yẹn ni mo tún kọ nígbà tí wọ́n rí i pé omi ló kún etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ kọ ìtàn ọmọ sílẹ̀ nílé, torí orí àga níwájú mi, ẹ ó gbàgbé. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "bàbàbà"? Ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń wo ẹni tó pe orúkọ wọn kí wọ́n tó pé ọdún kan, tí wọ́n bá sì fi máa pé oṣù 18, wọ́n á ti máa nàka sí nǹkan kí ẹlòmíì lè bá wọn wò ó. Tó bá jẹ́ pé ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan rí tí kò sọ ọ́ mọ́, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ tún fi fóònù ya fídíò mélòó kan, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ: níbi oúnjẹ, níbi eré, àti nígbà tó bá wà pẹ̀lú ọmọ mìíràn. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe.

Tí ọmọ bá wà láàárín oṣù 16 sí 30, wọ́n lè fún yín ní ìwé ìbéèrè 20 kan tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R, tí wọ́n fi ń wá àmì autism, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà tó lè mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ tàbí ṣeré. Asẹ́ lásán ni, láti mọ ọmọ tó yẹ ká túbọ̀ yẹ̀ wò. Kò sọ pé ọmọ ní autism.

Ọjọ́ àyẹ̀wò, ilẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Mo ní ike kan tó mọ́ gaara, tí ìdérí rẹ̀ le. Mo máa fi ohun ìṣeré tí ọmọ fẹ́ràn sínú rẹ̀, mo máa dé e pa, mo máa gbé e fún un, mo sì máa dákẹ́. Ọmọkùnrin kan fa ọwọ́ mi, ó gbé e lé ìdérí, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ike. Ọwọ́ mi ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan gbé ike náà sókè, ó wo ojú mi, ó wo ike, ó tún wo ojú mi, ó ní "ẹ̀ẹ̀!" Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọkùnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ jù ú lọ o, àmọ́ ọmọkùnrin náà ni àníyàn mi wà lára rẹ̀.

Àwọn ọmọ mìíràn máa ń tún ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ sọ. Ẹ ní, "Ṣé o fẹ́ bọ́ọ̀lù?" Òun náà ní, "Ṣé o fẹ́ bọ́ọ̀lù?" Ẹ má bínú, ẹ má sì pè é ní ọ̀rọ̀ asán. Ó lè jẹ́ bó ṣe ń sọ pé òun fẹ́ nìyẹn. Ẹ kọ gbólóhùn náà bó ṣe sọ ọ́ gan-an, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Mo máa ń lo ìdánwò tó ní máàkì náà, bíi PLS-5, tó ń wo bí ọmọ ṣe ń lóye ọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń sọ ọ́. Máàkì 100 ni àárín, àwọn ọmọ tó pọ̀ jù sì wà láàárín 85 sí 115. Ṣùgbọ́n ọmọ lè nàka sí àwòrán kó gba 98, kó má sì mọ bó ṣe máa sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó ti kan òun. Tí ọmọ bá ń gbọ́ èdè méjì, ohun tó mọ̀ nínú èdè méjèèjì la máa kà pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ pa èdè ilé tì, ẹ má gbà. Èdè méjì kọ́ ló ń fa ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹ má retí orúkọ àìsàn lọ́jọ́ kan. Dókítà ọmọdé àti àwọn mìíràn gbọ́dọ̀ dá sí i. Ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ mi kí ẹ tó lọ ni èyí: kí ló ń ṣe dáadáa, kí ló kù díẹ̀ kó ṣe, kí la máa bẹ̀rẹ̀ nílé? Ẹ lè fi ike yẹn bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ gbé e fún un, ẹ dákẹ́, kí ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín kí ẹ tó ṣí i.