Bí a ṣe ń tún yíìsì inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lò

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú omi èso tuntun, ojú ẹsẹ̀ ni mo dé ìgò náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti dákẹ́ lọ gbári. Mo tọ́ ọ wò, ṣúgà ṣì kún inú rẹ̀. Yíìsì kò kú o. Ọ̀rá ló tán lára rẹ̀.

Ọ̀rá yẹn ni wọ́n ń pè ní ergosterol, ìbátan cholesterol tiwa. Òun ló ń jẹ́ kí awọ sẹ́ẹ̀lì yíìsì gba ọtí mọ́ra. Yíìsì lè sọ ṣúgà di ọtí láìsí afẹ́fẹ́, àmọ́ kò lè ṣe ergosterol láìsí i: mólékù ergosterol kan ń gba mólékù ọ́síjìn (afẹ́fẹ́ tí à ń mí) 12. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì nínú ìgò tí a dé pa, ìwọ̀nba ọ̀rá tó wà nílẹ̀ ni ìyá àti ọmọ á máa pín, títí kò fi ní kárí mọ́. Ní 1953, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Andreasen àti Stier, fi hàn pé yíìsì tí kò rí afẹ́fẹ́ rárá kò ní gbèrú àfi bí a bá fi ergosterol bọ́ ọ.

Yíìsì gbígbẹ tí à ń rà lọ́jà kò nílò wàhálà pé à ń fún un ní afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ti inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ebi ń pa.

1. Rọra da ọtí kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Apá òkè tó funfun bí ògì ni kí o bù. Da dúdú ìsàlẹ̀ nù. Bó bá ń rùn, da gbogbo rẹ̀ nù.

2. Se omi èso, jẹ́ kó tutù. Iná ti lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nítorí náà máa dà á láti abọ́ dé abọ́, láti òkè, bí ìgbà tí à ń fẹ́ kí tíì ọmọdé tètè tutù. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

3. Po yíìsì mọ́ ọn nínú ìgò tí kò kún. Fi aṣọ mímọ́ bo ẹnu rẹ̀, kí o sì máa mì ín látìgbàdégbà ní ọjọ́ kìíní nìkan.

4. Lẹ́yìn náà, ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdérí, kí ẹnu kejì wà nínú ife omi. Má ṣe dé e pa pátápátá, ìgò lè bú! Má sì mì ín mọ́, torí afẹ́fẹ́ tó bá wọlé báyìí, ọtí kíkan ló máa dá sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo máa ń tún ọ̀kan lò kí n tó ra tuntun.