Bí o ṣe lè kọ ìjábọ̀ práátíkà sáyẹ́ǹsì tó dúró dáadáa

Lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì tí mò ń ṣe, ìjábọ̀ práátíkà ni mò ń máàkì jù, mo sì ti rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. Orí èsì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé náà ṣe máa tò tó o bá parí ni: àkọlé, èrèdí, àbá (ohun tó o rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀), ohun èlò, bí a ṣe ṣe é, èsì, àlàyé èsì, ìkádìí. Kò pọn dandan kó o kọ ọ́ ní títò bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ ká fi pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ṣe àpẹẹrẹ: bọ́ọ̀lù irin kékeré tí a so mọ́ okùn, tó ń fì lọ, tó ń fì bọ̀. A fẹ́ mọ bí gígùn okùn (L) ṣe kan àkókò tí fífì ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn lílọ àti bíbọ̀, ń gbà (T), ká sì ti ibẹ̀ ṣírò g, ìyẹn bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń fi kún eré ohun tó ń já bọ́.

Kọ́kọ́ ya àtẹ èsì. Òkè àtẹ ni kó o kọ ìwọ̀n sí, bíi “L (m)” àti “T (s)”, má kọ ọ́ tẹ̀ lé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí aago bá fi 40.1 hàn fún fífì 20 (20 lo máa fi pín in kó o tó rí T), tó sì fi 36 géérégé hàn lẹ́yìn náà, 36.0 ni kó o kọ. Nọ́ńbà tó dà bíi pé kò bá àwọn yòókù mu, fi í síbẹ̀. Má pa á rẹ́, má tún un ṣe kó lè lẹ́wà. Mo bẹ̀ ọ́, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí.

Ó kan gíráàfù. T² ni kó o gbé dúró, L ni kó o tẹ́ sílẹ̀, torí pé T² = 4π²L/g, ìlà tó gún ló sì yẹ kó jáde. Má fa ìlà láti àmì kan sí èkejì. Fi rúlà fa ìlà kan ṣoṣo tó gba àárín gbogbo wọn kọjá.

Bí a ṣe ṣe é: kọ ohun tí ẹ ti ṣe, má kọ ọ́ bí ìgbà tí ò ń pàṣẹ fún èèyàn. “A wọn okùn láti ibi tí a so ó mọ́ títí dé àárín bọ́ọ̀lù. A fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kò ju ìwọ̀n 10° lọ, a sì fi í sílẹ̀ láìtì í.” Fún ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ kà. Ibi tó bá ti bi ọ́ ní ìbéèrè, ibẹ̀ lo ti fo nǹkan.

Àlàyé èsì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì. Wọ́n á kọ “àṣìṣe ọmọ ènìyàn wà níbẹ̀,” wọ́n á sì kọjá lọ. Gbólóhùn yẹn kò sọ nǹkan kan. Àṣìṣe wo ni? Ṣé ó gbé g sókè ni àbí ó fà á wálẹ̀? Ká ní g tìrẹ jẹ́ 10.9 m/s² dípò 9.8 tó yẹ kó jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń kà sọ “oókan” nígbà tí ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ “òdo” ló yẹ kó sọ. Fífì 19 lẹ wọ̀n, 20 lẹ sì fi pín in. T á kéré jù, g á sì ga jù ní nǹkan bí ìdá 11 nínú 100. Tàbí kẹ̀, ìlà rẹ gún, ṣùgbọ́n kò gba òdo kọjá, òkè òdo ló ti gé ìlà ìdúró tí T² wà lórí rẹ̀. Orí bọ́ọ̀lù lẹ wọn okùn dé, ẹ ò wọ̀n ọ́n dé àárín. Èyí kò ba g jẹ́, nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlà, ìyẹn bó ṣe dagun tó, la fi ń ṣírò g, kò sì yí padà. Ọmọ tó bá kọ irú èyí, inú mi máa ń dùn sí i gan-an, kódà bí èsì rẹ̀ bá jìnnà sí 9.8.

Ìkádìí kò ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ: “T² ń pọ̀ sí i bí L ṣe ń pọ̀ sí i. g tí a rí jẹ́ 9.6 m/s², ó fi ìdá 2 nínú 100 dín sí 9.8.” Má mú ọ̀rọ̀ tuntun wọ ibẹ̀. Bí àbá rẹ kò bá jóòótọ́, sọ bẹ́ẹ̀, kó o sì fi àbá náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun èlò kò le: dárúkọ wọn, kó o sì sọ ohun tó kéré jù tí rúlà àti aago lè wọ̀n. Èrèdí, gbólóhùn kan ti tó. Àkọlé ni kó o kọ gbẹ̀yìn. Kí ó sọ ohun tí ẹ yí padà àti ohun tí ẹ wọ̀n: “Bí gígùn okùn ṣe kan àkókò fífì pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù.” “Práátíkà kẹta” kì í ṣe àkọlé.