Àṣìṣe Tó Ń Gé Ìpè Pàjáwìrì Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì tí aráàlú fi ń pe pàjáwìrì, ẹ má torí pé ẹ ti ra ẹ̀rọ kejì, ìyẹn àfirọ́pò, kí ẹ wá ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ètò ìpè 999, nọ́ńbà pàjáwìrì tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù BT ń bójú tó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dàrú láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀rọ àfirọ́pò wà nílẹ̀ o. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ darí ìpè síbẹ̀, kò ṣeé ṣe: ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò yéni tó, àwọn òṣìṣẹ́ ò sì mọ iṣẹ́ náà mọ́wọ́. Nígbà tó wá gbà, agbára rẹ̀ ò ká iye èèyàn tó ń pè. Ìpè bíi 14,000 ni kò wọlé. Lọ́dún 2024, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, bu ìtanràn mílíọ̀nù 17.5 owó pọ́n-ùn lé wọn. Ẹ máa dán ẹ̀rọ kejì wò, kí ó sì jẹ́ ẹni tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ni yóò dán an wò, kì í ṣe ọ̀gá tó kọ ìlànà.

Ẹ má sì fi nẹ́tíwọ̀kì kan náà ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ó gbà tún un ṣe. Lóṣù Keje ọdún 2022, wọ́n yọ àsẹ́ kan, ìyẹn ìlànà tó ń sẹ́ ìsọfúnni, kúrò lára ráútà (ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni) ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Rogers ní Kánádà, ni ìsọfúnni bá ya bo gbùngbùn nẹ́tíwọ̀kì, ìyẹn àárín tí gbogbo ìpè ń gbà kọjá, gbogbo rẹ̀ dákú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ò lè wọ inú ráútà láti ibi tí wọ́n wà, fóònù tí wọn ì bá sì fi pe ara wọn ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn lápò òṣìṣẹ́, èló ni?

Èyí tí mo kà sí burúkú jù lọ ni òpó nẹ́tíwọ̀kì tó ṣì ń fọn sígínà nígbà tí gbùngbùn ti kú. Fóònù tí kò rí nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ lè gba ti ilé-iṣẹ́ mìíràn kọjá láti pe pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì ń rí sígínà, á rọ̀ mọ́ òkú òpó náà, kò ní wá ibòmíràn lọ. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Optus wó ní Ọsirélíà, èèyàn 2,145 ni kò rí 000, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, pè, àwọn òpó tó yẹ kó paná fúnra wọn sì wà lára ohun tó fà á. Bí gbùngbùn bá ti lọ, ẹ pa òpó.

Wáyà méjì nínú kòtò kan, wáyà kan ni; kátakátà kan ṣoṣo ló máa gé méjèèjì. Ní ti bátìrì abẹ́ òpó, ẹ má gba iye wákàtí tí wọ́n kọ sí i lára gbọ́. Ẹ yọ iná, kí ẹ dúró tì í pẹ̀lú aago.